Omi tí ẹ ń bù sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ìbéèrè: Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù kẹjọ rèé tí mo ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré kan, àlòkù ni. Ọkọ̀ náà ti pé ọdún 13, ó sì ti rin 186,000 kílómítà. Láti ìgbà tí mo ti rà á, mo ti ra táyà mẹ́rin, bátìrì kan àti páàdì bíréèkì iwájú. Ní báyìí, tí mo bá ń ṣẹ́ kọ̀nà, ó ń dún kà-kà-kà lọ́wọ́ ọ̀tún iwájú. Tó bá já sí kòtò, ó ń gbá gbì. Tí mo bá sì fẹ́ gbéra láti ojú kan, á gbọ̀n jìgìjìgì kó tó lọ. Mẹkáníìkì mi ní kí n pààrọ̀ gíà, ṣáàfù méjèèjì tó ń yí táyà iwájú, àti gbogbo irin ẹsẹ̀ iwájú. Owó tó kà sílẹ̀ ti lé ní ìdajì iye tí mo fi ra ọkọ̀. Ṣé kí n tún un ṣe ni àbí kí n tà á? Yàtọ̀ sí èyí, kò ní wàhálà kankan, àfi omi díẹ̀ tí mo máa ń bù sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Gíà aláìfọwọ́yí ló ní.

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ to gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ọ̀rọ̀ gíà ló ń bà yín lẹ́rù, kò sì yà mí lẹ́nu, nítorí kò sí gbólóhùn tó ń já onímọ́tò láyà bíi “gíà ti lọ.” Àmọ́ nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, èyí tí ẹ fi parí, tí ẹ sọ bí ẹni pé kò tó nǹkan, ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ọkọ̀ tí ara rẹ̀ dá kì í mu omi. Ọ̀nà tí omi ń gbà nínú ẹ́ńjìnnì dé pa ni, omi tí wọ́n rọ sí i lónìí yẹ kó wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Tí ẹ bá ń bù ú sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a jẹ́ pé ó ń gba ibì kan jáde, ibi tó ń gbà jáde yẹn ló sì máa sọ fún wa bóyá ọkọ̀ yìí yẹ ní títún ṣe. Nítorí náà, ẹ má tíì sanwó gíà, ẹ má tíì sanwó ṣáàfù, ẹ má sì tíì wá ẹni tó máa rà á. Ẹ jẹ́ ká rí ìdí omi yìí ná.

Ìdí tí mo fi ń kánjú ni pé orí ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré òde òní, alumíníọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é. Láàárín orí yẹn àti ìdí ẹ́ńjìnnì ni tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì wà. Pẹlẹbẹ ni, kò nípọn, òun ló sì ń dá iná, ọ́ìlì àti omi lẹ́kun kí wọ́n má bàa pàdé ara wọn. Tí omi bá dín, tí ooru sì pọ̀ jù, alumíníọ́ọ̀mù á wú, á lọ́, kò sì ní jókòó pẹrẹsẹ mọ́. Láti ibẹ̀, omi á bọ́ sínú ọ́ìlì tàbí sínú iná. Rọ́bà omi tó sán, owó kékeré ni. Ẹ́ńjìnnì tó gbóná títí orí rẹ̀ fi lọ́, owó rẹ̀ lè tó ti gíà tó ń dẹ́rù bà yín yẹn, ó sì lè jẹ́ pé irú nǹkan kan náà ló wà ní ìdí méjèèjì: rọ́bà tí ẹnikẹ́ni kò wò. Kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò.

Bí ẹ ṣe máa wò ó nìyí. Láàárọ̀, kí ẹ tó ṣíná sí ọkọ̀, nígbà tó tutù pátápátá, ẹ wo ibi tí omi dé nínú kẹ́ẹ̀gì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, èyí tí omi inú rẹ̀ ń hàn síta, kí ẹ fi bírò fa ìlà sí i. Ẹ má ṣí ìdérí rẹdiétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, kódà bó ti wù kí ẹ kánjú tó. Ìdérí yẹn ń fún omi pọ̀ ni, ìfúnpọ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí omi hó bó tilẹ̀ ti kọjá 100 nínú ìwọ̀n Celsius. Bí ẹ bá ti tú u, gbogbo rẹ̀ á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì tú sókè sí yín lójú. Mo ti rí ọwọ́ tó bó nítorí rẹ̀, n kò fẹ́ rí òmíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ bébà fífẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ kó sùn síbẹ̀. Tí ẹ bá bá àmì omi aláwọ̀ lórí rẹ̀, ìròyìn ayọ̀ ni, nítorí omi tó ń jò síta rọrùn láti rí. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ píńpù omi àti oríkèé àwọn rọ́bà: níbi tí kúláǹtì, ìyẹn oògùn aláwọ̀ tí wọ́n ń pò mọ́ omi ẹ́ńjìnnì, ti ń jò díẹ̀díẹ̀, ó máa ń gbẹ síbẹ̀ bí iyọ̀, funfun nígbà mìíràn, tàbí kó ní àwọ̀ kúláǹtì náà fúnra rẹ̀. Ẹ tún fi ọwọ́ tẹ kápẹ́ẹ̀tì níbi ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó síwájú. Tó bá tutù, tí inú ọkọ̀ sì ń rùn bí ohun dídùn, rẹdiétọ̀ kékeré tó ń mú kí inú ọkọ̀ móoru ló ń jò. Ẹ fa géèjì ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì tó dàbí tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn, ẹ má wa ọkọ̀ náà lọ síbì kankan mọ́. Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ o: fọ́ọ̀mù funfun díẹ̀ lábẹ́ ìdérí ọ́ìlì nìkan, tí géèjì fúnra rẹ̀ sì mọ́, kì í ṣe ìdájọ́ ikú. Ọkọ̀ tó máa ń rin ìrìn kúkúrú lásìkò òtútù sábà máa ń ní in, oru lásán ni. Mo ti rí ẹni tí wọ́n tú orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nítorí fọ́ọ̀mù yẹn, tí wọn kò bá nǹkan kan níbẹ̀.

Tí ẹ kò bá rí nǹkan kan síta, ọ̀nà méjì ló kù, méjèèjì kò sì wọ́n. Àkọ́kọ́, píńpù ọwọ́ kan wà tí wọ́n ń de mọ́ ẹnu rẹdiétọ̀ nígbà tó bá tutù. Wọ́n á fún afẹ́fẹ́ sí i títí dé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìdérí, wọ́n á sì dúró. Tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá ń bọ̀ wálẹ̀, ibì kan ń jò, ẹ sì lè rí i tó ń kán. Èkejì ni omi aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń gbé sórí ẹnu rẹdiétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Tí èéfín iná ẹ́ńjìnnì bá ń wọ inú omi, búlúù yẹn á di yẹ́lò. Tó bá di yẹ́lò, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jóná, tàbí kẹ̀ orí ẹ́ńjìnnì ti sán. Mẹkáníìkì tí kò ní irinṣẹ́ méjì yìí kò burú, àmọ́ kí ó má sọ fún yín pé òun mọ ibi tí omi ń lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù lórí omi. Omi lásán kọ́ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìdajì omi tí kò ní iyọ̀ nínú àti ìdajì kúláǹtì ni, irú èyí tí ìwé ọkọ̀ dárúkọ. Ẹ má fi àwọ̀ yàn án, nítorí àwọ̀ kò ní òfin kan láàárín àwọn tó ń ṣe é. Kúláǹtì ló ń dènà ìpatà nínú rẹdiétọ̀ àti píńpù. Oṣù mẹ́jọ tí ẹ ti ń bu omi sí i, ẹ ti fọ agbára yẹn dànù díẹ̀díẹ̀, nítorí náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dí ibi tó ń jò, kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ dànù kí wọ́n sì rọ tuntun sí i.

Ó kan gíà wàyí.

Ọkọ̀ tó ń gbọ̀n nígbà tó bá fẹ́ gbéra kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé gíà òun ti bàjẹ́. Ó kàn sọ pé òun ń gbọ̀n ni. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n gbé ọkọ̀ kékeré kan wá bá mi, àrùn rẹ̀ sì jọ ti yín gan-an. Lọ́wọ́ àwọn tó ti tọ́jú rẹ̀ ṣáájú, ó ti gba pílọ́ọ̀gì tuntun mẹ́rin, kọ́ìlì mẹ́rin àti píńpù epo, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gíà ló kàn tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀. Mo so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, ó kọ P0171, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ tó ń wọlé pọ̀ ju epo lọ. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ní kí ẹnì kan jókòó sídìí sítíárìn, kó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gbọn-in, kó fi gíà sí iwájú, kó tún fi sí ẹ̀yìn, kó sì máa tẹ iná díẹ̀díẹ̀. Èmi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, n kò dúró síwájú rẹ̀. Bó ti fi gíà sí iwájú báyìí, gbogbo ẹ́ńjìnnì gbé ara sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìbú ìka mẹ́ta. Ẹ́ńjìnnì sítìn rẹ̀ kan, ìyẹn irin onírọ́bà tó di ẹ́ńjìnnì mú mọ́ ara ọkọ̀, ti já, rọ́bà àárín rẹ̀ ti ya kúrò lára irin.

Rọ́bà ńlá tó ń gbé afẹ́fẹ́ láti ilé fílítà wọ ẹ́ńjìnnì sì wà lókè, ó mọ́, ó ń dán. Mo fi àtàǹpàkò tọ gbogbo ìṣẹ́po rẹ̀ láti òkè dé abẹ́. Lábẹ́ lọ́hùn-ún, níbi tí ojú kò lè dé, ìka mi wọ inú rẹ̀. Ó ti ya ní gígùn bí ìka ọwọ́ kan. Tí ẹ́ńjìnnì bá jókòó jẹ́ẹ́, ẹnu ọgbẹ́ yẹn á pa dé. Tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra, ẹ́ńjìnnì á yí, ọgbẹ́ á la ẹnu, afẹ́fẹ́ tí kọ̀ǹpútà kò kà á ya wọlé, ọkọ̀ á sì gbọ̀n. Ẹ́ńjìnnì sítìn kan àti rọ́bà kan ni a pààrọ̀. Gbogbo ohun tí onítọ̀hún ti ná tẹ́lẹ̀, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ àìsàn ọkọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Ó dùn mí púpọ̀, torí mo rí i lójú rẹ̀ pé owó yẹn kì í ṣe owó tó ní lọ́wọ́ láti ṣòfò.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí nítorí ẹ sọ pé ọkọ̀ yín ń gbọ̀n, ẹ sì tún sọ pé ó ń gbá gbì tó bá já sí kòtò. Ẹ́ńjìnnì sítìn tó já lè ṣe méjèèjì. N kò sọ pé òun ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìṣẹ́jú márùn-ún ló gbà láti mọ̀, àti pé kò sí ẹni tó yẹ kó tú gíà sílẹ̀ kó tó lo ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn.

Lẹ́yìn sítìn, kí wọ́n wo ọ́ìlì gíà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ìsinsìnyí kò ní géèjì gíà mọ́, abẹ́ ni wọ́n ti ń tú bóòtì kan láti mọ ìwọ̀n rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n ooru tí ìwé ọkọ̀ sọ. Ọ̀pọ̀ ọ́ìlì gíà tuntun máa ń pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Tó bá ti dúdú, tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, ó ti ṣiṣẹ́ kọjá agbára rẹ̀. Ẹ lè rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọ́ìlì yẹn kò nílò ìpààrọ̀ títí ayé. “Títí ayé” ti ilé iṣẹ́ kì í sábà tó 186,000 kílómítà àti ọdún 13. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u, kí wọ́n wo ìsàlẹ̀ páànù rẹ̀. Ìyẹ̀fun dúdú díẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ òòfà kò burú, ọjọ́ orí ni. Ègé irin tí ẹ lè fi ọwọ́ ṣà, ìyẹn ni ìròyìn tó burú.

Ẹ gbọ́dọ̀ mọ irú gíà tí ẹ ní, nítorí ọ̀nà wọn kò pa pọ̀. Èyí tó ní gíà mẹ́rin, márùn-ún tàbí mẹ́fà, tó ń fi agbára ọ́ìlì yí padà, máa ń lálòpẹ́ tí wọ́n bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. CVT, tó ń fi bẹ́líìtì irin yí láìní ìpele, kò gbọdọ̀ gba ọ́ìlì mìíràn yàtọ̀ sí ti CVT. Àṣìṣe ẹ̀ẹ̀kan lórí ìyẹn lè pa á. Àwọn kan wà tí wọ́n ní kíláàṣì (clutch) méjì gbígbẹ nínú. Ti Ford Focus ọdún 2012 sí 2016 lókìkí lórí gbígbọ̀n nígbà ìgbéra, débi pé ẹjọ́ rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà. Tó bá jẹ́ irú rẹ̀ ni ẹ ní, ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì yín lè ní òótọ́ nínú, àmọ́ kíláàṣì àti kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó wo gbogbo gíà.

Ẹ má gbà á bí ẹni pé mo ń pe mẹkáníìkì yín ní olè. Púpọ̀ nínú wọn kì í gba owó fún wíwá àìsàn, ohun tí wọ́n bá pààrọ̀ nìkan ni wọ́n ń gba owó rẹ̀, nítorí náà pípààrọ̀ ni wọ́n mọ̀. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ báyìí: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò ní wákàtí kan, màá sanwó wákàtí yẹn lọ́tọ̀, bóyá a pààrọ̀ nǹkan kan tàbí a kò pààrọ̀.” Ìwọ̀nba owó yẹn ni owó tó lérè jù lọ lórí ọkọ̀ àlòkù. Tó bá sì mú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà jáde, ẹ kọ nọ́ńbà tó bá gbé wá sílẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996, àti ọkọ̀ epo bẹntiróòlù ti ilẹ̀ Yúróòpù láti 2001, ló ní ojú ihò kan náà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù fún un. Nọ́ńbà yẹn ń sọ ohun tí kọ̀ǹpútà rí, kò sọ ohun tó bàjẹ́. P0420, fún àpẹẹrẹ, ní kí ẹ wo catalytic converter, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ihò lára sàléńsà tàbí sẹ́ńsọ̀ tó ti gbó lè mú un wá, catalytic converter sì wọ́n gan-an.

Kà-kà-kà tó ń dún tí ẹ bá ń ṣẹ́ kọ̀nà, mo gbà pẹ̀lú mẹkáníìkì yín pé ṣáàfù ló jọ. Lórí “méjèèjì” ni mi ò gbà. Lẹ́nu ṣáàfù, lẹ́yìn táyà, rọ́bà kan wà tó ṣẹ́po, gírísì ló wà nínú rẹ̀. Bí rọ́bà yẹn bá ti ya, táyà tó ń yí á fọ́n gírísì síta, iyanrìn àti omi á wọlé, irin inú á sì máa jẹ ara wọn. Ẹ yí sítíárìn dé òpin, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn táyà. Ibi tí ẹ bá ti rí gírísì dúdú tó fọ́n yíká inú ríìmù, ẹ̀gbẹ́ yẹn ló ya. Tí rọ́bà ti ọwọ́ òsì bá ṣì gbó díẹ̀ tí kò tíì ya, ẹ pààrọ̀ rọ́bà àti gírísì rẹ̀ nìkan nísinsìnyí, ṣáàfù á sì wà. Ti ọwọ́ ọ̀tún tó ti ń dún, ó ti kọjá rọ́bà, ẹ ra ṣáàfù. Kí wọ́n pààrọ̀ sílì ọ́ìlì tó wà lẹ́nu gíà níbẹ̀ pẹ̀lú nígbà tí wọ́n bá fà á yọ, torí kò wọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ kan náà sì ni.

“Gbogbo irin ẹsẹ̀ iwájú” gbòòrò jù. Kí wọ́n fi jáàkì gbé ọkọ̀, kí wọ́n sì fi igi irin gún un lọ́kọ̀ọ̀kan lójú yín. Irin tínrín kékeré tó so ọ̀pá ìdúróṣinṣin mọ́ ẹsẹ̀ táyà ló máa ń gbá jù nínú kòtò, ó sì wà lára àwọn tí owó wọn kéré jù. Bùṣìn, ìyẹn rọ́bà tó wà ní oríkèé irin ẹsẹ̀, tó bá ya lè dúró fún oṣù díẹ̀, táyà ló máa jẹ. Èyí tí kò gbọdọ̀ dúró kódà fún ọ̀sẹ̀ kan ni bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, oríkèé irin tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ irin abẹ́ ọkọ̀, tó bá ti ń mì, nítorí tó bá já lórí ìrìn, táyà á ká sábẹ́ ọkọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ní tààrà: “Ṣé bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ń mì?” Tí wọ́n bá ti tú irin ẹsẹ̀ kankan, kí wọ́n ṣe aláímẹ́ǹtì, ìyẹn títo táyà kó dúró gbọọrọ, lẹ́yìn rẹ̀, kí táyà tuntun mẹ́rin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà má bàa jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu bà nínú lẹ́tà yín: bẹ́líìtì táímìn, èyí tó ń mú kí píṣítìn àti fáàfù inú ẹ́ńjìnnì máa rìn ní ìbámu. Ẹ wo inú ìwé ọkọ̀ bóyá bẹ́líìtì rọ́bà ló ní tàbí ṣéènì. Ẹ má fi orúkọ ọkọ̀ mọ̀ ọ́n. Honda Civic 1.7 lítà ti 2001 sí 2005, bẹ́líìtì ni. Láti 2006, ti 1.8 lítà di ṣéènì. Ṣéènì máa ń pẹ́ tí ọ́ìlì bá mọ́. Bẹ́líìtì ní òpin tirẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, òpin yẹn wà láàárín 100,000 sí 160,000 kílómítà, tàbí iye ọdún tí ìwé bá kọ, èyí tó bá ṣáájú. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, tó bá já, píṣítìn á gbá fáàfù, ẹ́ńjìnnì á sì bàjẹ́ níṣẹ́jú kan náà. Tó bá jẹ́ bẹ́líìtì ni, tí kò sì sí ìwé tó fi hàn pé ẹni àkọ́kọ́ ti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ kà á sí pé kò pààrọ̀ rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, bẹ́líìtì yìí náà ló ń yí píńpù omi. Tó bá wá jẹ́ píńpù ni omi yín ń gbà jò, iṣẹ́ méjèèjì di ẹyọ kan, owó ọwọ́ ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa san.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ọ̀rọ̀ owó, nítorí òun lẹ béèrè gan-an.

Àwọn ènìyàn máa ń fi owó àtúnṣe wé iye tí ọkọ̀ tó. Wọ́n á ní, “Ìdajì owó ọkọ̀? Kò bọ́gbọ́n mu.” Mo rò pé ohun tí wọ́n ń fi wé ara wọn kò tọ́. Iye tí ọkọ̀ yín tó lọ́jà kò gbé yín dé ibi iṣẹ́. Ohun tí ẹ ń rà ni oṣù tí ọkọ̀ máa fi rìn láìdá yín dúró. Ká ní owó tí ẹ fi rà á jẹ́ 100. Tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn àyẹ̀wò, ṣáàfù kan, sítìn kan, irin kékeré méjì, rọ́bà omi àti ọ́ìlì gíà ló kù, ká sọ pé wọ́n jẹ́ 18. Tí ọkọ̀ bá fi rìn fún oṣù 24, kò tó ẹyọ kan lóṣù. Tí ẹ bá tà á bó ṣe wà yìí, ẹni tó ń rà á á gbọ́ kà-kà-kà, á sì gé owó ju 18 lọ kúrò. Ẹ óò wá fi owó kún un láti ra àlòkù mìíràn, òun náà á béèrè táyà, bátìrì àti páàdì tirẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ẹ ti ná láti oṣù mẹ́jọ. Kò sí èyí tó jẹ́ pé ọkọ̀ ló bàjẹ́. Táyà, bátìrì, páàdì, ohun tí gbogbo ọkọ̀ ń jẹ ni, ẹni tó tà á fún yín ló kàn dá a dúró kí ẹ lè san án. Ọdún àkọ́kọ́ àlòkù sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, gbèsè ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ lẹ ń san. Ẹ ti san púpọ̀ nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹ má sọ pé torí ẹ ti náwó sí i, ẹ gbọ́dọ̀ máa náwó lọ. Èyí tó ti lọ ti lọ, iye tó kù láti ná àti oṣù tí ẹ máa rí nínú rẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Ọ̀nà mẹ́ta ni màá fi gbà kí ẹ tà á. Tí omi búlúù bá di yẹ́lò, tí irin sì wà nínú ọ́ìlì gíà, ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì àti gíà ń ṣàìsàn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ jẹ́ kó lọ. Tí ìpatà bá ti jẹ irin abẹ́ ọkọ̀, níbi tí ẹsẹ̀ iwájú tàbí ẹ̀yìn ti so mọ́ ara rẹ̀, débi pé skùrù-díráfà gún un wọlé, ẹ jẹ́ kó lọ, bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti wù kó dára tó. Tí omi bá sì ti bo ọkọ̀ náà rí kí ẹ tó rà á, tí ẹ rí ẹrẹ̀ gbígbẹ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àti ìpatà lára wáyà, ẹ jẹ́ kó lọ, torí wáyà tó ń jẹra kì í parí. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì nìkan, tí gbogbo ohun mìíràn dára, mo ti rí i tí wọ́n ṣe é tí ọkọ̀ sì tún rìn fún ọdún púpọ̀, bí wọ́n bá gbé orí ẹ́ńjìnnì lọ fún ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé e pẹrẹsẹ kí wọ́n tó dá a padà. Àwọn tí wọ́n kàn pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì láìwọn orí yẹn, wọ́n sábà máa ń tú u lẹ́ẹ̀kejì.

Tí ẹ bá tọ́jú rẹ̀, ẹ lè fi owó pamọ́ lórí àwọn ẹ̀yà kan. Gíláàsì ilẹ̀kùn, dígí ẹ̀gbẹ́, ọwọ́ ilẹ̀kùn, kódà ẹ̀rọ tó ń gbé gíláàsì, ẹ ra àlòkù wọn láìbẹ̀rù. Ohun tó bá jẹ́ rọ́bà, ohun tó bá ń dá ọkọ̀ dúró, bẹ́líìtì, píńpù omi, tuntun ni. Táyà náà, ẹ má ra àlòkù rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin tó parí àkọlé DOT lára rẹ̀ ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Omi bíréèkì máa ń fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún méjì-méjì. Kí ẹ sì ra ìwé kékeré kan sínú ọkọ̀, kí ẹ máa kọ ọjọ́, kílómítà, ohun tí wọ́n ṣe àti iye rẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ lẹ rìsíìtì mọ́ ọn.

Lọ́sẹ̀ yìí, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, lẹ́yìn náà ẹ́ńjìnnì sítìn, kí ẹ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ gíà lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Tí abẹ́rẹ́ ooru bá sì gòkè kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ pa éè-sì, kí ẹ ṣí híítà inú ọkọ̀ dé òpin, kó lè fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì fún ìwọ̀nba àkókò tí ẹ máa fi yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹ pa á níbẹ̀. Ẹ má bu omi tútù sí i, ẹ má ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ má sì sọ pé ilé kò jìnnà mọ́. Ẹ pe ẹni tó máa fi ọkọ̀ mìíràn wá gbé e.